Ìgbà wo ló yẹ ká fi sipéèdì gé? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Spades ta, ẹ dá sí i

Àdùkẹ́_Lugbe

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú la máa ń ta Spades nílé wa ní Lugbe: èmi àti ọkọ mi níhà kan, aládùúgbò wa àti ìyàwó rẹ̀ níhà kejì. Tí wọ́n bá mú iná lọ, a ó tan tọ́ọ̀ṣì, a ó máa bá a lọ. Ìjà kò sí láàárín wa, àmọ́ àríyànjiyàn pọ̀, orí ọ̀rọ̀ kan náà ló sì máa ń dá lé: báwo la ṣe ń ná sipéèdì?

Fún ẹni tí kò bá mọ eré yìí: káàdì 52 ni, ènìyàn mẹ́rin, káàdì 13 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó jókòó kọjú sí ọ ni ẹnìkejì rẹ. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kálukú á pe iye ìkó tó rò pé òun máa jẹ. Ìkó ni káàdì mẹ́rin tó bá bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹni tí tirẹ̀ bá borí ló ń kó o. Ẹ̀yà mẹ́rin ni káàdì ní: sipéèdì, háàtì, dáyámọ́ǹdì àti kílọ́ọ̀bù. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, Éèsì ló ga jù, Kíńgì, Kúìnì àti Jáàkì tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà 10 wálẹ̀ dé 2. Ẹ̀yà tí ẹni àkọ́kọ́ bá jù ni gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé, bí wọ́n bá ní in. Ẹni tí kò bá ní in lè fi sipéèdì gé e, nítorí sipéèdì ló ń pa gbogbo ẹ̀yà yòókù. Kódà sipéèdì 2 lè pa Éèsì háàtì. A kì í sì í fi sipéèdì ṣíwájú àfi tí ẹnì kan bá ti fi gé nǹkan ṣáájú, tàbí tí kò bá sí nǹkan mìíràn lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ṣíwájú.

Ọkọ mi ní sipéèdì ńlá kì í ṣe ohun ìfipamọ́. Ó ní gbàrà tó bá ti ṣeé jù, ká jù ú, kí tọwọ́ alátakò lè tán kíákíá, kí wọ́n má baà rí ohun tí wọ́n máa fi gé tiwa. Èmi ní ká tọ́jú rẹ̀ di ìparí, nígbà tí ẹ̀yà bá ti ń tán lọ́wọ́ kálukú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ta á tipẹ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Ọmọ_Ọ̀fà_Kaduna

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Àǹtí Àdùkẹ́. Ìbéèrè kan wà tó ṣáájú èyí tí ẹ ń jiyàn lé lórí: sipéèdì mélòó ló kù níta? Ẹni tí kò bá lè dáhùn ìyẹn, àbá ni yóò máa dá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ì báà jẹ́ pé ó ń jù ú ni tàbí pé ó ń tọ́jú rẹ̀.

Mẹ́tàlá ni gbogbo sipéèdì. Kí ẹ tó pe iye, ẹ yọ tọwọ́ yín kúrò. Tí ẹ bá mú mẹ́rin, mẹ́sàn-án ló wà lọ́wọ́ àwọn mẹ́ta yòókù. Mẹ́sàn-án yìí nìkan ni kí ẹ gbé sórí, ẹ má ka tiyín mọ́. Ẹnì kan gé, ó di mẹ́jọ. Ẹ fi sipéèdì ṣíwájú, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀ lé e, ó di márùn-ún. Kíkà á wálẹ̀ báyìí kì í rú èèyàn lójú bíi kíkà á lọ sókè, nítorí ẹ kò ní máa da tiyín pọ̀ mọ́ tiwọn. Yàtọ̀ sí iye, mẹ́rin péré ni kí ẹ máa ṣọ́ ní orúkọ: Éèsì, Kíńgì, Kúìnì, Jáàkì. Tí Éèsì àti Kíńgì bá ti lọ, Kúìnì ọwọ́ yín ló ga jù nílé báyìí, kò sì sí ohun tó lè pa á.

Ọ̀ta ayò mọ iye ọmọ tó wà nínú odù ẹni tó ń bá a ta láì nawọ́ kàn án. Irú orí bẹ́ẹ̀ ni Spades ń fẹ́, ó tiẹ̀ rọrùn ju ti ayò lọ, torí ọmọ ayò jẹ́ 48, sipéèdì ò ju 13.

Ẹ tún máa wo ẹni tí kò tẹ̀ lé ẹ̀yà. Tí aládùúgbò yín bá ju kílọ́ọ̀bù sórí dáyámọ́ǹdì, kò ní dáyámọ́ǹdì mọ́ títí ìpín yẹn, ìyẹn káàdì 13 tí wọ́n pín fún kálukú, yóò fi parí. Ẹ má tún gbé Kíńgì dáyámọ́ǹdì síwájú rẹ̀, àfi tí sipéèdì rẹ̀ bá ti tán pátá.

Ìyá_Tàyé_Jos

Òótọ́ lọmọ Ọ̀fà sọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí mò ń bá ta níbí mọ kíkà dáadáa, wọ́n ṣì ń pàdánù, torí pé wọ́n ń gé ẹnìkejì wọn. Ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ eléyìí, ó máa ń dùn mí wọra. Tí ẹnìkejì yín bá ti ju káàdì tó borí sílẹ̀, ìkó yẹn ti di tiyín nìyẹn. Sipéèdì tí ẹ bá tún gbé lé e, ẹ fi ṣòfò ni. Ìkó kan ṣoṣo náà lẹ máa kó, ṣùgbọ́n káàdì méjì tí ì bá jẹ ìkó méjì lẹ ná sí i.

Ibi tí èèyàn jókòó sí nínú ìkó ló ń sọ ohun tó yẹ kó ṣe. Ẹ kíyè sí i. Tí ẹ bá jẹ́ ẹni kejì tó máa jù, tí alátakò fi káàdì kékeré ṣíwájú, tí ẹ̀yin ò sì ní ẹ̀yà náà, ẹ má kánjú gé. Ẹnìkejì yín ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn, ó lè jẹ́ òun ló ni Éèsì rẹ̀. Ẹ ju káàdì tí kò wúlò fún yín sí i, kí ẹ tọ́jú sipéèdì yín. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ Éèsì ni alátakò fi ṣíwájú, kò sí ohun tí ẹ ń dúró dè mọ́, ẹ gé e.

Tí ẹ bá jẹ́ ẹni kẹta, tí alátakò àárín sì ti pa káàdì tí ẹnìkejì yín fi ṣíwájú, ẹ lè gé, ṣùgbọ́n ẹ wo ojú ẹni tó kẹ́yìn ná. Bó bá ti hàn pé òun náà kò ní ẹ̀yà yẹn, sipéèdì 3 kò lè dá a dúró, ẹ fi 9 tàbí 10 gé e kó lè ná èyí tó ga kó tó lè borí yín. Bó bá dá yín lójú pé ó ṣì ní ẹ̀yà náà, èyí tó kéré jù lọ́wọ́ yín ti tó. Ẹni kẹrin ní tiẹ̀ kò ní ìyọnu kankan: tí ẹnìkejì rẹ̀ bá ti ń jẹ ẹ́, kó má fọwọ́ kàn án, tí kò bá jẹ ẹ́, sipéèdì tó kéré jù tó lè gbà á ni kó fi gbà á.

Tọ́pẹ́_Kọ́pà_Gwagwalada

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Nílé tí àwa kọ́pà ti ń ta á, a máa ń fi jókà méjì, káàdì tó ga ju gbogbo sipéèdì lọ, kún un. Ṣé kíkà tí ẹ̀gbọ́n Ọ̀fà sọ yẹn kò yí padà?

Ọmọ_Ọ̀fà_Kaduna

Ó yí padà, àbúrò. Tí wọ́n bá fi jókà méjì sí i, tí wọ́n wá yọ 2 méjì kúrò nínú àwọn ẹ̀yà yòókù kí káàdì lè wà ní 52, sipéèdì ti di 15. Éèsì sipéèdì wá bọ́ sí ipò kẹta. Ẹni tó mú Kíńgì sipéèdì nílé oníjókà kò gbọ́dọ̀ kà á sí ìkó tó dájú nígbà tó bá ń pe iye. Ẹ fẹnu kò lórí èyí kí ẹ tó pín káàdì, pàápàá tí àlejò bá wà láàárín yín, torí òfin ilé kan kì í ṣe òfin ilé kejì.

Bàbá_Sabon_Gari_Kánò

Mo kí gbogbo yín, ẹ̀yin ọmọ mi. Whist ni mo kọ́kọ́ mọ̀, kí n tó mọ bridge, kí àwọn ọmọ mi tó wá fi Spades hàn mí lórí fóònù. Mọ̀lẹ́bí ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Whist ló dàgbà jù láàárín wọn: ọdún 1742 ni Edmond Hoyle ti tẹ ìwé jáde ní London nípa bí a ṣe ń ta á. Bridge tí ayé ń ta lónìí, Harold Vanderbilt ará Amẹ́ríkà ló ṣètò bí wọ́n ṣe ń ka máàkì rẹ̀ ní 1925. Amẹ́ríkà náà ni Spades ti ṣẹ̀ wá, ní ìparí àwọn ọdún 1930, àwọn sójà wọn ló sì gbé e kiri nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ní whist, káàdì tó kẹ́yìn tí ẹni tó ń pín bá ṣí sílẹ̀ ló ń sọ ẹ̀yà tó máa jẹ́ ọ̀gá, tó máa pa gbogbo ẹ̀yà yòókù. Ní bridge, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fi ìpè yàn án. Ní Spades kò sí yíyàn rárá.

Ìjiyàn Àdùkẹ́ àti ọkọ rẹ̀, àwọn oníbridge ti ń bá a yí tipẹ́, ìdáhùn wọn sì wúlò fún yín. Nígbàkúùgbà tí o bá fi sipéèdì ṣíwájú, mẹ́rin ló máa ń bọ́ sílẹ̀: méjì tiyín, méjì tiwọn. Pàṣípààrọ̀ ni. Bi ara rẹ léèrè, ta ló máa jèrè nínú pàṣípààrọ̀ yìí? Ká ní ìwọ lo mú sipéèdì gígùn, bíi mẹ́fà, tí Éèsì àti Kíńgì rẹ̀ wà níbẹ̀, tí o sì tún ní Éèsì dáyámọ́ǹdì àti Kíńgì rẹ̀ tí o fẹ́ jẹ lálàáfíà. Ọkọ Àdùkẹ́ ló tọ̀nà níbẹ̀ yẹn. Jù ú, tún un jù, kí sipéèdì ọwọ́ wọn gbẹ, kó má sí ohun tí wọ́n máa fi gé dáyámọ́ǹdì rẹ.

Ṣùgbọ́n ká ní ẹnìkejì rẹ ló mú sipéèdì kéékèèké mẹ́ta, tí kò sì ní háàtì lọ́wọ́. Iṣẹ́ tí mẹ́ta yẹn lè ṣe ni kó máa gé háàtì wọn. Tí o bá fi Éèsì sipéèdì ṣíwájú, ìwọ lo já ohun ìjà gbà lọ́wọ́ ọmọ ilé rẹ. Níbẹ̀ yẹn, Àdùkẹ́ ló tọ̀nà. Gbé háàtì wá fún un, kó gé e.

Nínú bridge, ẹni tó ń ta á máa ń rí káàdì ẹnìkejì rẹ̀ nílẹ̀, nítorí náà ó mọ káàdì 26. Tí ìhà rẹ̀ bá ní ọ̀gá mẹ́jọ, márùn-ún ló wà lọ́wọ́ alátakò méjèèjì. Nínú ìgbà 100, márùn-ún yìí máa ń pín sí mẹ́ta àti méjì ní nǹkan bí ìgbà 68, mẹ́rin àti ẹyọ kan ní 28, kó wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo ní 4. Tó bá jẹ́ mẹ́fà ló wà lọ́wọ́ wọn ńkọ́? Èèyàn á rò pé mẹ́ta-mẹ́ta ló máa wọ́pọ̀ jù. Rárá o. Mẹ́rin àti méjì ló wọ́pọ̀ jù, ìgbà 48, mẹ́ta-mẹ́ta kò ju 36 lọ. Nítorí náà, má fi ọkàn tán an pé jíjù lẹ́ẹ̀mẹ́ta ti kó gbogbo ẹ̀ tán. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta Spades ò rí káàdì ẹnìkejì yín, àmọ́ ẹ gbọ́ iye tó pè. Ẹni tó pe márùn-ún ní sipéèdì tó nípọn lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tó pe ẹyọ kan, ẹ má fi tirẹ̀ ṣírò.

Ó ku kinní kan tí àwọn ọ̀dọ́ kì í fẹ́ gbà. Tó bá ku sipéèdì kan ṣoṣo lọ́wọ́ alátakò, tí èyí sì ga ju gbogbo tiyín lọ, ẹ fi í sílẹ̀. Ìkó kan ló máa jẹ, bópẹ́ bóyá. Tí ẹ bá ń lé e jáde, sipéèdì méjì lẹ máa ná lórí ẹyọ kan tó máa jẹ tirẹ̀ náà ni. Ẹ máa jẹ àwọn ẹ̀yà yòókù lọ, kó fúnra rẹ̀ wá gé nígbà tó bá wù ú.

Akin_Kubwa

Bàbá, ẹ ṣé gan-an ni. Ìyá Tàyé, mo gbà fún yín lórí gígé ẹnìkejì, àmọ́ ìgbà kan wà tó yẹ: tí ẹnìkejì yín bá pe òdo. Ẹni tó pe òdo ti ṣèlérí pé òun ò ní jẹ ìkó kankan. Tó bá mú ìlérí náà ṣẹ, 100 lẹ jẹ. Tó bá yẹ̀, 100 bọ́ lọ́wọ́ yín. Tí Jáàkì tó jù bá fẹ́ jẹ ìkó mọ́ ọn lọ́wọ́, tí ẹ kò sì ní ẹ̀yà náà, ẹ gé e kíá. Lọ́jọ́ yẹn, sipéèdì ńlá yín ti di ààbò. Ẹ máa fi káàdì gíga ṣíwájú kó lè rí ibi fi Kíńgì àti Kúìnì tirẹ̀ pamọ́ sí lábẹ́.

Ohun tí kò tíì sẹ́ni tó sọ níbí ni báàgì. Ìkó tí ẹ bá jẹ ju iye tí ẹ pè lọ, máàkì ẹyọ kan ni, ṣùgbọ́n tó bá pé mẹ́wàá, 100 ni wọ́n máa yọ. Nítorí náà, kí ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ ro iye tí gbogbo yín pè pọ̀. Tí àwọn mẹ́rin bá pe 12 tàbí 13, ìkó ò tó pín, ogun nìyẹn: ẹ gé ohun tí ẹ bá lè gé, torí ìkó kan tí ẹ bá gbà lè mú kí wọ́n kùnà iye tí wọ́n pè, kí wọ́n pàdánù ìlọ́po mẹ́wàá iye yẹn. Tó bá jẹ́ 9 tàbí 10 ni àpapọ̀, ìkó mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló ń rìn gbéregbère tí kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Tí iye yín bá ti pé, ẹ máa ju sipéèdì yín sábẹ́ èyí tó ga jù ú, kí ẹ má sì gé nǹkan kan mọ́.

Mo rí àwọn tó ń ta á bíi pé gbogbo ìpín ni ogun. Wọ́n á jẹ ìkó mẹ́jọ lórí márùn-ún tí wọ́n pè, inú wọn á dùn, tí a bá wá ka máàkì, wọ́n ti padà sẹ́yìn.

Ìyá_Tàyé_Jos

Mo fara mọ́ ọn, Akin. Kí n fi kún un pé ẹni tó mú Éèsì sipéèdì kò gbọ́dọ̀ pe òdo láéláé, torí kò sí káàdì kankan tó lè gbé e pamọ́ fún un (àyàfi nílé oníjókà). Kíńgì náà léwu. Kódà sipéèdì kéékèèké mẹ́rin lè kó èèyàn sí wàhálà, torí ó lè di pé òun nìkan ló kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Àdùkẹ́_Lugbe

Ẹ kú làálàá, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ sétígbọ̀ọ́ ọkọ mi. Ó ní kí n gbé ìpín kan wá fún yín, kí ẹ ṣèdájọ́ lórí rẹ̀.

Ohun tó wà lọ́wọ́ mi nìyí. Sipéèdì: Kíńgì, 7, 4. Háàtì: Éèsì, Kúìnì, 8, 5, 3. Dáyámọ́ǹdì: 6 nìkan. Kílọ́ọ̀bù: Kíńgì, Jáàkì, 9, 2. Mo pe mẹ́ta, ọkọ mi pe mẹ́rin, àwọn alátakò pe márùn-ún. Ọkọ mi fi Éèsì dáyámọ́ǹdì ṣíwájú, aládùúgbò wa ju 3, mo ju 6, ìyàwó rẹ̀ ju 8. Ọkọ mi tún gbé Kíńgì dáyámọ́ǹdì sílẹ̀, aládùúgbò wa ju 9. Ó wá kàn mí, mi ò ní dáyámọ́ǹdì mọ́, ìyàwó rẹ̀ ló kù lẹ́yìn mi. Ṣé kí n fi sipéèdì 4 gé e, kí ìyàwó yẹn má baà gé Kíńgì ọkọ mi?

Bàbá_Sabon_Gari_Kánò

Má gé e, ọmọ mi. Rò ó dáadáa. Bí ìyàwó yẹn bá ṣì ní dáyámọ́ǹdì, Kíńgì ọkọ rẹ ti jẹ ẹ́, sipéèdì 4 rẹ ṣòfò. Bí kò bá sì ní in mọ́, sipéèdì wo ló máa mú tí kò ní ju 4 lọ? Àfi 2 tàbí 3. Yóò gé borí rẹ, ẹ ó pàdánù ìkó náà àti sipéèdì rẹ pọ̀. Àfi tí o bá fẹ́ fi Kíńgì sipéèdì gé e, ìyẹn sì wọ́n jù.

Ju kílọ́ọ̀bù 2. Kíńgì kílọ́ọ̀bù ṣì ní Jáàkì àti 9 lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Má fọwọ́ kan háàtì, torí márùn-ún ni, èyí tó kéré nínú wọn ṣì lè jẹ ìkó nígbẹ̀yìn tí ti àwọn yòókù bá tán. Ọkọ rẹ náà á ti rí i pé o kò ní dáyámọ́ǹdì mọ́, yóò mọ ohun tó kàn.

Àdùkẹ́_Lugbe

Ẹ ṣé, Bàbá. Ohun tó kàn ni pé ìyàwó yẹn ju dáyámọ́ǹdì 10, Kíńgì ọkọ mi jẹ ẹ́, ó wá fi dáyámọ́ǹdì 4 ṣíwájú. Aládùúgbò wa gbé Jáàkì lé e. Báyìí gígé ti di dandan. Ṣé 4 ni tàbí 7?

Ìyá_Tàyé_Jos

Sipéèdì 4. Ìyàwó yẹn tẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀mejì, kò tíì hàn pé dáyámọ́ǹdì rẹ̀ tán.

Ọmọ_Ọ̀fà_Kaduna

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wo káàdì tó jù lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí Éèsì wà nílẹ̀, tó mọ̀ pé òun ò lè jẹ ẹ́, ó ju 8. Èèyàn tó bá ní 2 tàbí 5 tàbí 7 máa ju ìyẹn ni, kò ní fi 8 ṣòfò. A jẹ́ pé kò ní èyí tó kéré ju 8 lọ. Lẹ́yìn náà ó ju 10. Ọkọ rẹ̀ náà ju 3, ó tún ju 9, a jẹ́ pé lẹ́yìn 3, kò ní ohun tó kéré ju 9 lọ. Nítorí náà 2, 5 àti 7 dáyámọ́ǹdì, gbogbo ẹ̀ wà lọ́wọ́ ọkọ Àǹtí Àdùkẹ́. Àwọn tó ti lọ: Éèsì, Kíńgì, Jáàkì, 10, 9, 8, 6, 4, 3. Kúìnì nìkan ló kù níta. Bó bá wà lọ́wọ́ aládùúgbò, ìyàwó rẹ̀ ò ní nǹkan kan mọ́, ó sì lè gé. Kí a kúkú sọ pé ìdajì-ìdajì ni.

Torí náà 7 ni kí wọ́n fi gé. Tó bá fẹ́ borí wọn, kó ná 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. 4 tó kù yóò máa dúró ti Kíńgì sipéèdì, kò sì yàtọ̀ sí 7 lẹ́nu iṣẹ́ yẹn.

Ìyá_Tàyé_Jos

Mo gbà. 7 ni.

Akin_Kubwa

Ọ̀rọ̀ dídúró ti Kíńgì yẹn, ẹ jẹ́ kí n là á yé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Kíńgì sipéèdì nílò káàdì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ lè rí nǹkan jù nígbà tí Éèsì bá jáde. Kúìnì nílò méjì, Jáàkì nílò mẹ́ta. Àǹtí Àdùkẹ́ mú Kíńgì, 7 àti 4, ẹ̀ẹ̀kan péré ló lè gé láìfarapa. Tí ọkọ wọn bá tún gbé dáyámọ́ǹdì kẹrin wá, kí wọ́n má fi 4 gé e. Alátakò tó wà lẹ́yìn á gé borí wọn, Kíńgì á wá wà níhòòhò, Éèsì á sì kó o.

Alága_Minna

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ kan ni tèmi. Káàdì tí Bàbá ní kí Àdùkẹ́ jù, kílọ́ọ̀bù 2, ọ̀rọ̀ ló sọ fún ọkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó bófin mu. Wíwú ikọ́, ṣíṣẹ́jú, fífi ìka lu tábìlì, olè nìyẹn, ẹ má ṣe é nílé yín. Àwọn oníbridge gan-an, tí wọ́n bá ní àdéhùn lórí ìtumọ̀ káàdì, òfin ní kí alátakò náà mọ̀ ọ́n.

Àdùkẹ́_Lugbe

Ẹ ṣeun, Alága. Ká ní 7 mi jẹ ẹ́. Èmi ló kàn láti ṣíwájú. Sipéèdì Kíńgì àti 4, háàtì márùn-ún, kílọ́ọ̀bù Kíńgì, Jáàkì, 9. Ìkó mẹ́ta la ti jẹ nínú méje. Ọkọ mi ní ká jù sipéèdì báyìí, torí ọ̀nà ti ṣí.

Bàbá_Sabon_Gari_Kánò

Kì í ṣe láti ọwọ́ rẹ. Tí o bá fi 4 ṣíwájú, Kíńgì rẹ kò ní olùgbèjà mọ́. Tí o bá fi Kíńgì ṣíwájú, tí Éèsì kò bá sí lọ́wọ́ ọkọ rẹ, o ti fi ta wọ́n lọ́rẹ. Jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé sipéèdì wá. Má sì gbé kílọ́ọ̀bù, Kíńgì tí Éèsì rẹ̀ ò tíì jáde máa ń sàn nígbà tí ẹlòmíràn bá ṣíwájú.

Éèsì háàtì ni kí o jù, báyìí báyìí, kí wọ́n tó rí ààyè da háàtì ọwọ́ wọn nù sórí ẹ̀yà mìíràn. Ìkó kẹrin nìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀, háàtì 3. Bí ọkọ rẹ bá ní Kíńgì rẹ̀, yóò jẹ ẹ́. Bí háàtì rẹ̀ bá ti tán, yóò gé e. Bó bá sì jẹ́ alátakò ló fi Kíńgì jẹ ẹ́, Kúìnì rẹ ló ga jù nínú háàtì láti ìgbà náà lọ.

Àdùkẹ́_Lugbe

Ó yé mi wàyí, Bàbá. Ọkọ mi ní kí n kí yín, ó ní òun ló ní Éèsì sipéèdì lọ́jọ́ yẹn.

Bàbá_Sabon_Gari_Kánò

Bá mi kí i. Sọ fún un pé tó bá ti fi gígé tàbí Kíńgì háàtì jẹ ìkó yẹn, òun gan-an ló yẹ kó wá jù Éèsì sipéèdì náà, kí o ju 4 sí i, kó tún gbé kékeré kan wá fún Kíńgì rẹ. Méje yín á ti pé nígbà yẹn.